Ọmọ Tí Mi Ò Lè Pọ̀n

Ó pẹ́ kí n tó bímọ. Ọdún méje ni mo fi wà nílé ọkọ tó jẹ́ pé ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń gbé, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn: olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni mí. Pobẹ̀ ni wọ́n ti bí mi. Ìjọba ló gbé mi wá sí Ṣábẹ̀ẹ́. Mo rò pé n ò ní pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó dá mi padà sí ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn mi, àfi bí mo ṣe pàdé ọkùnrin kan tó ń tún ọ̀kadà ṣe lẹ́bàá ojú irin. Ó ní ẹni tí òkè Ṣábẹ̀ẹ́ bá ti rí lójú, kì í lọ mọ́. Mo fi rẹ́rìn-ín. Mi ò sì lọ mọ́ lóòótọ́.

Nígbà tí ọmọ dé níkẹyìn, obìnrin ni. Ìyá ọkọ mi gbéra ní Kabua, ó gbé ike òrí kan àti kànrìnkàn tuntun dání, ó wá wẹ ọmọ. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, arúgbó tó ṣì ń ro oko ẹ̀pà ara rẹ̀. Mùsùlùmí ni òun, Àgùdà ni èmi, ọkọ mi sì ń bá àwa méjèèjì ṣọdún. Ní àràárọ̀, tó bá ti wẹ ọmọ tán, tó ti nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, yóò ní kí n bẹ̀rẹ̀, yóò gbé e lé mi lẹ́yìn, yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ọ̀já náà.

"Ọ̀já ò gbọdọ̀ tú o, ìyàwó," á wí. "Obìnrin tó wá ọmọ tó báyìí, ọ̀já rẹ̀ ò gbọdọ̀ tú."

Lẹ́yìn tí ọmọ pé ogójì ọjọ́, ó padà sí Kabua, ó ní ẹ̀pà òun ń ké pe òun. Èmi náà padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ìsinmi ìbímọ mi parí. Ọmọ ń sanra, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni tó bá ṣe "à" sí i. Mo máa ń pọ̀n ọ́n lọ síbi gbogbo, àní ibi tí kò yẹ kí n pọ̀n ọ́n lọ. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i. Àwọn tó ti fi ojú àánú wò mí lọ́jà fún ọdún méje, mo fẹ́ kí wọ́n rí ẹsẹ̀ méjì tó yọ ní ẹ̀gbẹ́ mi.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni, nígbà ọyẹ́. Mo ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé, ọmọ wà lẹ́yìn mi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé ọpọ́n aṣọ tí mo ti fún tán, kí n lọ sá a. Bí mo ṣe ń dìde, nǹkan kan ta ní ìbàdí mi. Kì í ṣe ìrora ló kọ́kọ́ dé, ó dà bí ìgbà tí igi dá lábẹ́ èèyàn. Ọpọ́n bọ́. Mo wó lulẹ̀ lórí eékún, mo fi ọwọ́ méjèèjì tilẹ̀, mi ò lè lọ síwájú, mi ò lè lọ sẹ́yìn. Ìgbà yẹn ni ìrora wá dé, ó sáré láti ìdí mi gba itan òsì lọ dé àtẹ́lẹsẹ̀ bí omi gbígbóná. Ọmọ tó wà lẹ́yìn mi rò pé eré ni. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ gbá mi bí ẹni tó gun ẹṣin.

Mo kígbe pe aládùúgbò wa, ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ wá bá mi gba ọmọ lẹ́yìn mi!"

Ó sáré dé, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ẹ̀kọ. Ó tú ọ̀já, ó gba ọmọ. Ìgbà ìkẹyìn tí mo pọn ọmọ mi nìyẹn, ọmọ oṣù márùn-ún ni nígbà náà. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti fi aṣọ wọ̀nyẹn sílẹ̀ láìfọ̀, ǹ bá ti pọ̀n ọ́n káàkiri ìlú títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń ṣe ni a ṣe. Wọ́n fi òrí gbígbóná ra mí, wọ́n gún abẹ́rẹ́ fún mi ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí n sùn sórí ẹní líle. Ẹnì kan láti Ofẹ̀ fún ọkọ mi ní egbò igi tí a óò sè mu, ó korò ju ewé jogbo lọ. Ìrora á lọ fún ọjọ́ díẹ̀, yóò tún padà wá. Tí mo bá wúkọ́, àfi kí n di ògiri mú. Ìjókòó nira jù. Mo máa ń dúró jẹun bí ẹṣin.

Ìyá ọkọ mi gbọ́, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Kabua, ó padà wá. Kò béèrè ìgbà tí yóò lọ. Ó gba ọmọ, ó dì í mọ́ ẹ̀yìn, ó mú ìgbálẹ̀. Láti orí ẹní tí mo wà, mo máa ń wo òun àti ọmọ mi láti ẹnu ọ̀nà. Tí àkókò ìrun bá tó, tí ọmọ ò bá sì jẹ́ kí wọ́n sọ òun kalẹ̀, á kírun pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́yìn. Á tẹ̀ ba, á foríkanlẹ̀, ọmọ á tẹ̀ lé e lọ sílẹ̀, á tún tẹ̀ lé e dìde, ojú rẹ̀ á là kedere, kò ní sunkún. Obìnrin arúgbó yẹn ń tẹ̀ bí ẹ̀ka igi tútù. Èmi tí mo lè jẹ́ ọmọ rẹ̀, mi ò lè tẹ̀ mú ṣíbí tó bọ́ sílẹ̀. Tí ebi bá pa ọmọ, yóò gbé e wá tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi, èmi á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ọmọ á mu ọmú. Bó bá ti yó, á na ọwọ́ méjèèjì sókè, sí ìyá àgbà, kó gbé òun padà.

Wọ́n ní kí n lọ ya àwòrán ẹ̀yìn ní Paraku. Láti ibẹ̀ wọ́n darí wa sí Kutọnu, sọ́dọ̀ dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn. Ọkùnrin tó rọra ń sọ̀rọ̀ ni. Ó gbé àwòrán náà sí iwájú iná, ó fi bírò tọ́ka. Ó ní láàrin eegun ẹ̀yìn kan sí èkejì, nǹkan rírọ̀ kan wà níbẹ̀ bíi tìmùtìmù kékeré. Ti ìsàlẹ̀ ti yọ jáde kúrò ní àyè rẹ̀, ó sì ti jókòó lé iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀ òsì mi. Ó ní kí n fi gìgísẹ̀ rìn. Mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún rìn ín. Ẹsẹ̀ òsì kọ̀, iwájú rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀.

"Màdáámù," ó wí, "tí a ò bá yọ ọ́, ẹsẹ̀ yẹn lè máa kú lọ díẹ̀díẹ̀. Tí a bá yọ ọ́, mo gbà pé ìrora yóò lọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè ṣèlérí pé ẹsẹ̀ náà yóò jí tán. Ẹ lọ bá àwọn ará ilé yín sọ ọ́. Kí ẹ má kàn sọ ọ́ pẹ́ jù."

A padà délé. Ọkọ mi jókòó ti ìyá rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣàlàyé.

"Kí ni wọ́n pe orúkọ àìsàn ọ̀hún?" ni ìyá béèrè.

"Wọ́n ní ẹ́ní ni lédè òyìnbó, màmá. Ẹ́ní ti ẹ̀yìn."

"Ẹ́ní? Ṣebí ìpá ni àwọn dókítà ń pè bẹ́ẹ̀? Bàbá rẹ ní ìpá kó tó kú. Obìnrin wá ń ní ìpá? Ní ẹ̀yìn?"

Ẹ̀rín pa wá. Mo di ìbàdí mú, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ìyá tó bí mi pè láti Pobẹ̀, ó ní a kì í fi ọ̀bẹ kan eegun ẹ̀yìn, pé wọn á sọ mí di arọ, ta ni yóò sì wá gbé mi lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Olùkọ́ kan níbi iṣẹ́ sọ fún mi nípa arákùnrin bàbá rẹ̀ tí wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún tí kò sì dìde mọ́. Àlúfáà wa ní kí n gbàdúrà, kí n sì gbọ́ràn sí dókítà lẹ́nu. Kò sọ èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe. Ọkọ mi á jókòó sí iwájú ilé, á máa fi epo nu irinṣẹ́ tí kò dọ̀tí. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á láti sọ "lọ", kí n má baà lọ tán. Ẹ̀rù sì ń bà á láti sọ "má lọ".

Mo ṣì ń wọ́ ara lọ síbi iṣẹ́ láwọn ọjọ́ tí ìrora bá dín. Lọ́jọ́ kan mo ń bọ̀ láti ilé ìwé, ẹnì kan pè mí lẹ́yìn.

"Màdáámù! Màdáámù, sálúbàtà yín!"

Mo wẹ̀yìn. Sálúbàtà òsì mi wà láàrin ọ̀nà, ó jìnnà sí mi. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Eruku ti kùn ún, òkúta ti gé ọmọ ìka kan, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n lára rárá. Obìnrin náà gbé sálúbàtà náà wá fún mi, ó dúró, ó ń retí kí n bẹ̀rẹ̀ wọ̀ ọ́. Nígbà tó rí i pé mi ò lè bẹ̀rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó wọ̀ ọ́ fún mi bí ẹni ń wọ bàtà fún ọmọdé.

Mo dé ilé, mo sọ ọ́ fún ìyá ọkọ mi. Ó ń lọ ata. Ó dá ọlọ dúró.

"Jẹ́ kí wọ́n ṣe é, ìyàwó."

"Màmá, ẹ̀rù ń bà mí."

"Èmi náà, ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n arúgbó ni mí. Ọmọ yìí ń wúwo sí i lójoojúmọ́, èmi sì ń fúyẹ́ sí i. Bí mo bá lọ, tí o ò sì lè dìde, ọwọ́ ta ni yóò bọ́ sí?"

Ó bu omi sí ata, ó tún ń lọ̀ ọ́ lọ. Ohun tó ṣe ìpinnu fún mi nìyẹn. Bí a ṣe rí owó iṣẹ́ abẹ náà, ọkọ mi ló mọ̀, kò sọ fún mi títí dòní.

Àfi kí a já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ọmọ ọdún kan ni nígbà náà. Ìyá ọkọ mi ní kí a má ṣe fi nǹkan kíkorò sí ọmú, pé ọmọ kò ṣẹ̀ wá, kí n kàn lọ, òun á máa fún un ní ẹ̀kọ mímu. Lọ́jọ́ tí a ń lọ, ó pọ̀n ọ́n, ó kọjú sí ọ̀nà oko kó má baà rí wa. Mo rí ẹ̀yìn orí ọmọ mi láàrin èjìká obìnrin yẹn bí ọkọ̀ ṣe ń ṣí. Mo sùn sórí ìjókòó ẹ̀yìn dé Kutọnu, òrùlé ọkọ̀ ni mo ń wò.

Mi ò mọ púpọ̀ nípa iṣẹ́ abẹ náà. Wọ́n da oorun bò mí, mo jí, ọ̀fun mi gbẹ. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣàkíyèsí ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Iná tó ti ń jó nínú ẹsẹ̀ mi fún oṣù púpọ̀ ti kú. Mo wá a títí, mi ò rí i. Ẹ̀yìn ń dùn mí níbi tí wọ́n ti gé, ṣùgbọ́n ìrora tó dúró sójú kan ni, ó ṣeé bá gbé. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé aṣọ ilé ìwòsàn tó wà lára mi tutù ní àyà. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Mo pe nọ́ọ̀sì. Ó gbé aṣọ náà sókè, ó wò mí.

"Omi ọmú ni, màdáámù," ó wí. "Ọmọ yín dà?"

"Ó wà ní Ṣábẹ̀ẹ́."

Ó mú aṣọ gbígbẹ wá, ó nù mí, ó fi aṣọ di àyà mi pinpin. Ọmú náà ń ṣàn fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà ó gbẹ. Mo sunkún lórí èyí ju bí mo ṣe sunkún lórí ẹ̀yìn mi lọ.

Ní ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ti gbé mi dìde. Wọ́n kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń yí gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan bí ìtì igi, bó ṣe ń fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ sókè kó tó jókòó. Ọkọ mi dúró ní ẹsẹ̀ ibùsùn, ó ń na ọwọ́ bí ẹni fẹ́ gbá ọmọ tó ń kọ́ ìrìn mú. Ní ìrọ̀lẹ́ ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó gbé fóònù sí mi létí.

"Ìyàwó, ṣé o ti dìde?"

"Mo ti dìde, màmá. Mo fi ẹsẹ̀ rìn."

"Alihamudulilai." Mo gbọ́ tó ń sunkún. "Ọmọ rẹ náà ti fi ẹsẹ̀ rìn. Ó rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ mi lónìí."

Ọjọ́ kan náà ni àwa méjèèjì kọ́ ìrìn, ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Nígbà tí mo padà délé, ọmọ mi sá lọ sẹ́yìn aṣọ ìyá àgbà, ó yọjú lẹ́ẹ̀kan, ó tún fi ojú pamọ́. Mi ò lè bẹ̀rẹ̀ láti bá a sọ̀rọ̀ níwọ̀n ojú rẹ̀. Dókítà ti ní kí n má gbé nǹkan kan, kí n má tẹ̀, kí n má jókòó pẹ́. Mo dúró sí àárín ilé bí òpó, bẹ́líìtì líle dì mí níkùn, mo ń pe orúkọ ọmọ mi látòkè.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń wá kí mi pẹ̀lú àwọn ìyá wọn. "Tata, ẹ kú ara líle. Tata, ìgbà wo lẹ ń bọ̀?" Tata ni àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi máa ń pe olùkọ́ wọn. Ọmọ mi gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là. Lọ́jọ́ kan ìyá ọkọ mi gbé e wá síwájú mi.

"Ta nìyí? Sọ fún mi. Ta nìyí?"

Ọmọ wò mí dáadáa. "Tata," ó wí.

"Rárá o. Màmá rẹ nìyí. Màmá."

Ọmọ yí padà, ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá àgbà. "Màmá," ó wí.

Ìyá ọkọ mi kò lè wo ojú mi. Ó gbé ọmọ sílẹ̀, ó ní iná òun ń kú, ó jáde. Kò sí iná kankan tó dá.

Ní gbogbo àárọ̀ mo ń lọ rìn, díẹ̀díẹ̀, dé ibi tí ọ̀nà ti pàdé ojú irin, mo ń padà. Obìnrin kan ní ilé ìwòsàn ń bá mi na ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn mi ń san. Ẹsẹ̀ òsì jí díẹ̀. Iwájú rẹ̀ kò bọ́ sílẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n láti ojúgun dé orí ọmọ ìka ńlá, ara ibẹ̀ ti kú, kò sì jí títí dòní. Nígbà tí mo padà lọ fi ara han dókítà, inú rẹ̀ dùn. Ó ní mo lè padà sẹ́nu iṣẹ́.

"Dókítà, ṣé mo lè pọn ọmọ mi?"

Ó wo ìwé rẹ̀. "Ọmọ ọdún mélòó ló ti di?"

Mo sọ fún un.

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó fẹ́ tu èèyàn nínú. "Ó ti wúwo jù, màdáámù. Ẹ jẹ́ kó máa rìn. Ọmọ tó ń sáré, kí ni ó ń wá lẹ́yìn ìyá rẹ̀?"

Mo ní ẹ ṣeun, mo jáde.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni ìyá ọkọ mi di ẹrù rẹ̀. Ó sọ fún mi ní ọ̀sán, nígbà tí ọmọ sùn.

"Mò ń lọ sí Kabua. Bí mo bá wà níbí, ọ̀dọ̀ mi ló máa máa sá wá. Jẹ́ kó wá mi, kó má rí mi. Yóò rí ìwọ."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Ó kọ̀. Ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ lórí ẹní, ó dúró tì í fún ìgbà díẹ̀, kò fi ọwọ́ kàn án kó má baà jí. Lẹ́yìn náà ó gun ọ̀kadà ọmọ rẹ̀, wọ́n lọ.

Ọmọ náà sunkún débi pé ohùn rẹ̀ há. Ó lọ sí ilé ìdáná, ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó ṣí aṣọ orí okùn wò. Ó jókòó sí ibi tí ìyá àgbà máa ń tẹ́ ẹní ìrun sí, kò jẹun. Mi ò lè gbé e. Mo gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo jókòó. Tí ẹ̀yìn bá rẹ̀ mí, mo dìde dúró. Tó bá ti rẹ̀ mí láti dúró, mo sùn sílẹ̀ lórí simẹ́ńtì lẹ́bàá rẹ̀. Bí mo ṣe wà nílẹ̀ báyẹn ló fi rọra wá fi ẹ̀yìn ti ikùn mi, kì í ṣe pé ó fẹ́ràn mi, oorun ló ń kùn ún. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí jẹun lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn ìkórè ẹ̀pà, mo ní kí ọkọ mi gbé mi lọ sí Kabua, kí n lọ dúpẹ́. A fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyá ẹlẹ́kọ. Ìyá ọkọ mi jókòó lábẹ́ igi kajú, ó ń pa ẹ̀pà, ó ti rù. Mo di àga mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí fi eékún kan lọ sílẹ̀. Ó ju ẹ̀pà dànù, ó dìde, ó di apá mi mú.

"Má kúnlẹ̀! Ta ló ní kí o kúnlẹ̀?"

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀ fún yín lẹ́ẹ̀kan péré."

"Kì í ṣe torí ìkúnlẹ̀ la ṣe náwó sí ẹ̀yìn rẹ. Dìde. Ìdúró rẹ ni kí n máa wò."

A dúró báyìí, òun dì mí mú, èmi dì í mú. Ó béèrè bóyá ọmọ ń jẹun. Mo ní ó ń jẹun. Ó béèrè bóyá ó ń béèrè òun. Mo ní kò béèrè mọ́. Ó mi orí, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó sì yí ojú sí apá oko.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni ibà mú ìyá ọkọ mi. Wọ́n pe ọkọ mi ní àárọ̀; kí a tó dé Kabua, ó ti lọ. Ọjọ́ náà ni wọ́n sin ín, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn rẹ̀. Àwọn obìnrin jókòó sórí ẹní ní àgbàlá, wọ́n gbé àga fún mi, èmi nìkan ni mo wà lókè láàrin wọn, ojú ń tì mí. Ọmọ mi wá jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ òsì mi. Mi ò mọ̀ ọ́n lára, ìgbà tí mo wolẹ̀ ni mo rí i. Ó ń wo ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ti tì.

"Màmá dà?" ó béèrè.

Àwọn obìnrin kọjú sí mi.

"Màmá ti kú," mo wí. "Kò ní padà wá mọ́."

Ó gbójú sókè wò mí. "Ṣé ẹ̀yìn ló ń dùn ún?"

"Rárá, ọmọ mi. Ibà ni."

Obìnrin kan nínú àwọn àbúrò olóògbé bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, ó bo ojú. Ọmọ náà wò ó, ó sì wò mí.

Ọmọ mi ti wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ báyìí, ilé ìwé àwọn àgbà, bó ṣe ń pè é. Ó mọ̀ pé èmi ni ìyá òun, ó sì ń pè mí ní màmá lójú gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ bá gbóná, tó ń sọ ìsọkúsọ lójú oorun, ó máa ń pe "Màmá" ní ohùn kan tí kì í fi pè mí ní ọ̀sán. Mo máa ń dáhùn. Mo máa ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tì í, bí mo ṣe kọ́ ọ ní ilé ìwòsàn, gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan, mo máa ń fi ọwọ́ lé e títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ń gbé e dìde láàárọ̀.